Síìtì Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Mini

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Mini tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ ire.

Ní ọdún 1956, rògbòdìyàn ojú omi Suez sọ epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Leonard Lord, ọ̀gá àgbà British Motor Corporation, ní kí Alec Issigonis ṣe ọkọ̀ kékeré tí kò ní máa mu epo púpọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1959 ni wọ́n gbé e jáde. Gígùn rẹ̀ kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, síbẹ̀ ènìyàn 4 ń jókòó sínú rẹ̀. Ọgbọ́n tí Issigonis dá ni pé ó gbé ẹ́ńjìnnì dábùú, ó sì ki jíà sí abẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó dábùú a máa fì síwá-sẹ́yìn nígbàkígbà tí a bá ju kilọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Síìtì onírọ́bà 2 ló gbé e dúró nísàlẹ̀. Ọ̀pá irin kan, tó ní rọ́bà lórí méjèèjì, ló sì so òkè rẹ̀ mọ́ ògiri irin tó wà níwájú awakọ̀. Bí àwọn rọ́bà wọ̀nyí bá jẹ, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n bó bá fẹ́ gbéra. Bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, páìpù èéfín lè kán.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ rọ́bà òkè, tó sì tún jẹ. Ọ̀rẹ́ kan ní kí n ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọmọ mi ọkùnrin ló tan iná sí ìsàlẹ̀, tó ní, "Dádì, ẹ wò ó, síìtì yìí ti ya." Àṣé ẹrù síìtì tó ya ni ọ̀pá òkè ń dá rù! A fi pákó lé orí jáàkì, a fi gbé ẹ́ńjìnnì ró, a tú bóòtù, a sì fi síìtì tuntun sí i. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ kò gbọ̀n mọ́.

Iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ìdílé ni mo ń ṣe. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń bá wí kọ́ ni àrùn ilé. Ẹrù tó já lọ́rùn ẹlòmíràn ló ń rù.

Mini tó lé ní mílíọ̀nù 5 ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá irú rẹ̀ àtijọ́ dúró ní ọdún 2000. Ẹ̀yin ará, kí a tó ju ohun tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ nù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.