Iyanrìn Ni, Kì í Ṣe Etíkun

"Bọ́ọ̀lù etíkun" tí àwọn oníròyìn kan ń kọ yìí ń bí mi nínú. Wọ́n tú "beach soccer" ti Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò wo pápá. Ní Tudun Wada tí a wà ní Zaria, ta ló mọ òkun? Iyanrìn etí odò Kubanni nìkan la ní, ọmọdé sì lè gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀.

Paraguay ló gbàlejò Ife Àgbáyé eré yìí ní 2019, Nàìjíríà náà lọ. Paraguay kò bá òkun pààlà rárá. Pynandi ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ní èdè Guaraní: ẹlẹ́sẹ̀ lásán, torí kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà gbá a. Jinja ní Uganda, tó yẹ kó gbàlejò ìdíje Áfíríkà ní oṣù Kọkànlá 2020, adágún Victoria ló wà létí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù orí iyanrìn ni, ó tán.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí a ń fi ròyìn eré yìí ní 2020, "àjàkálẹ̀ àrùn" kò ní wàhálà, bẹ́ẹ̀ ni "kónílé-ó-gbélé". Líìgì, ẹ jẹ́ ká yá a lò. Sáà ni àwọn kan ní ká lé lọ, pé Lárúbáwá ni. Lóòótọ́ ni, àwọn Haúsá aládùúgbò wa náà ní sa'a, àmọ́ oríire ni wọ́n ń fi pè. Bí a bá lé sáà, ṣé a ó lé àlùbọ́sà tí òun náà wá láti Lárúbáwá ni? Sáà líìgì bọ́ọ̀lù orí iyanrìn Yúróòpù 2020 kò rí oríire kankan ṣá: Nazaré ní Portugal nìkan ni wọ́n kó o jọ sí ní oṣù Kẹsàn-án, Portugal sì gbà á.

Ibi tí ìjà wà ni ìdíje Áfíríkà. Kòrónà kò jẹ́ kó wáyé lásìkò. Senegal ni wọ́n ti gbá a ní oṣù Karùn-ún 2021. Ṣé wọ́n sún un síwájú ni àbí sẹ́yìn? Ọ̀rẹ́ mi kan ní sẹ́yìn ni, torí ó pẹ́. Mo ní ọjọ́ iwájú ni ọjọ́ tí kò tíì dé. Ibẹ̀ la sì tì í sí. Ó fi "ẹ̀yìn ọ̀la" dá mi lóhùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi! Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti ọ̀la nìyẹn, ohun tó tẹ̀ lé ọ̀la. Kì í ṣe ẹ̀yìn tèmi tí àná wà. Síwájú ni. Ẹ má sì pè é ní fífagilé: ẹni tó fa igi lé nǹkan ti pa á rẹ́, wọ́n sì gbá ìdíje yìí tán, Senegal gba ife.

Ìṣẹ́jú 12 lọ́nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù orí iyanrìn. Abala kìíní, ìkejì, ìkẹta. Mo sì gbọ́ tí ẹnìkan ń pariwo "ìdajì kẹta". Ìdajì kẹta ti ọsàn wo?