Ṣakabùlà àti Ọta Wẹ́wẹ́ Lẹ́yìn Odi Àjàṣẹ́

Ní Akpro-Missérété, ilẹ̀ tí ó fi ẹ̀yìn ti Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, kò sí ọdẹ láyé àtijọ́ tí kì í wárí fún Ògún Lákáayé, ẹni tí àwọn Gun ń pè ní Gu, kí ó tó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká. Iṣẹ́ ńlá ni kí ìbọn náà tó dún: a ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, a ó fi ọ̀pá kì í, a ó ju ọta tẹ̀ lé e, a ó sì tún bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ níbi tí akọ òkúta yóò ti ṣáná, bí òjò bá sì rin ẹ̀tù yìí, igi lásán ni ó kù lọ́wọ́ ọdẹ.

Nígbà tí àwọn ọdẹ wa ṣì ń ki ìbọn báyìí, ní ọdún 1845, Flobert, tó ń rọ ìbọn ní Paris, ṣe ọta wẹ́wẹ́ kan tí kò ní ẹ̀tù rárá, tí ó jẹ́ pé èròjà aṣáná inú idẹ rẹ̀ nìkan ni ó ń tì í jáde, kí àwọn ọlọ́rọ̀ lè máa fi ìbọn ìléwọ́ ta àmì nínú yàrá wọn. Ní 1857, Smith & Wesson ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀tù kún irú idẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe ìbọn ìléwọ́ tí ń yin ọta méje léraléra, ìbú ọta náà kò sì tó mílímítà 6. Ti Flobert rọ ọwọ́, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń yìn kí a tó tún kì í. Ti Amẹ́ríkà ni mo gbé fún ipò kìn-ín-ní nítorí kò dá ayìnbọn dúró. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ: láti inú ọ̀nà kan náà ni Winchester ọdún 1866 ti jáde, ìbọn ogun pátápátá.

Irú ìbọn ìgbàlódé bẹ́ẹ̀ bá ogun Faransé àti Dàhòmì dé ẹ̀yìn odi wa. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 1890, ní Atchoukpa, nítòsí Akpro-Missérété, àwọn Faransé àti àwọn ọmọ ogun Toffa, ọba Àjàṣẹ́, kojú àwọn ará Dàhòmì tí púpọ̀ wọn ṣì ń ki ìbọn láti ẹnu. Behanzin, ọba Dàhòmì, kò sùn. Lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní Ouidah ni ó ti ra Winchester, Chassepot àti Mannlicher, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 1892, ní Dogba lẹ́bàá odò Ouémé, ìbọn ìgbàlódé wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn Faransé kọ ọ́ pé òkè orí àwọn ni ọta Dàhòmì ń gbà kọjá. Akọni ni wọ́n, lọ́kùnrin lóbìnrin, mi ò sì jẹ́ kóyán ìgboyà wọn kéré. Àkókò àtita àmì, tí àwọn ará Paris fi ń ṣeré, ni a kò fún wọn. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Dodds, ọ̀gágun Faransé, wọ Abomey, olú-ìlú Dàhòmì.