Iwalewahaus: Àwọn Oníṣẹ́-Ọnà Orílẹ̀-Èdè Púpọ̀ Nínú Àkójọ Kan

Iwalewahaus ni orúkọ mùsíọ́mù Yunifásítì Bayreuth ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Ọdún 1981 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Ulli Beier (1922–2011) sì ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Inú ọ̀rọ̀ Yorùbá tó sọ pé ìwà lẹwà ni a ti fa orúkọ náà yọ. Haus ni ilé ń jẹ́ ní èdè Jámánì. Iṣẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà, Sùdáàní, Mozambique, Papua New Guinea àti ilẹ̀ mìíràn wà nínú àkójọ rẹ̀. Bí a bá wo orúkọ orílẹ̀-èdè nìkan, a ó rò pé kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Okùn tó so púpọ̀ nínú wọn pọ̀ gba Ìbàdàn àti Òṣogbo kọjá.

Ìpìlẹ̀ àkójọ náà

Ní ọdún 1950 ni Beier dé Ìbàdàn láti ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1961, òun pẹ̀lú àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká àti Christopher Okigbo dá Ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Dúró Ládiípọ̀ ṣí irú rẹ̀ sí Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo yí i sí Mbárí Mbáyọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn.

Àwọn oníṣẹ́-ọnà

Denis Williams, ọmọ Guyana, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo ní iṣẹ́ àwòrán. Georgina Beier, tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà. Lára àwọn tó jáde níbẹ̀ ni Jacob Afọlábí, Rufus Ògúndélé, Mùráínà Oyèlámì láti Ìrágbìjí, àti Táíwò Ọláníyì láti Ogidi, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven.

Susanne Wenger (1915–2009) jẹ́ ọmọ ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria. Síbẹ̀, àwọn ère tó mọ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ Òṣogbo ní igbó Ọ̀ṣun ni a fi ń rántí Àdùnní Olórìṣà.

Ibrahim El-Salahi láti Sùdáàní àti Malangatana Ngwenya láti Mozambique pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Mbari. Nígbà tí àwọn Beier kó lọ sí Papua New Guinea, Georgina ran Mathias Kauage lọ́wọ́ ní Port Moresby. Lébìrà ni Kauage kí ó tó di gbajúmọ̀ ayàwòrán.

Bí a ṣe yẹ kí a lo àkójọ náà

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ka irú àkójọ yìí gbọ́dọ̀ béèrè ohun mẹ́ta: ibo ni a bí oníṣẹ́-ọnà náà sí? Ibo ni ó ti kọ́ iṣẹ́? Ọwọ́ ta ni iṣẹ́ náà gbà dé mùsíọ́mù? Ìbéèrè kìíní nìkan ni orúkọ orílẹ̀-èdè lè dáhùn. Ìkejì ni ó fi hàn pé Wenger jẹ mọ́ ìtàn ọnà Òṣogbo ju ti Graz lọ, àti pé El-Salahi, tó kàwé ní Slade ní Lọ́ńdọ̀nù, kò gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú Kauage.

Ìkẹta ni a sábà máa ń gbàgbé. Ojú àti ọ̀rẹ́ ẹni tó kó iṣẹ́ jọ ló ń pinnu ohun tó wọ inú àkójọ. Nítorí náà, kò tọ́ kí a fi iṣẹ́ Kauage ṣe àpẹẹrẹ gbogbo ọnà Papua New Guinea, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí a fi ti Òṣogbo ṣe odidi ọnà Yorùbá òde òní. Ohun tí àkójọ Bayreuth lè jẹ́rìí sí ni ìpàdé: pé ní àwọn ọdún 1960, ìlú Yorùbá méjì di oríta tí oníṣẹ́-ọnà láti ilẹ̀ púpọ̀ ti pàdé ara wọn.