Afẹ́fẹ́ Ni Òkè Ibẹ̀: Ọjọ́ Kan Lórí Kẹ̀kẹ́ Nínú Ọ̀dàn Kansas

Ọdún 1976, nígbà tí Amẹ́ríkà pé igba ọdún, ni wọ́n ṣí ọ̀nà àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní TransAmerica, tó ti etíkun kan dé èkejì. Ní oṣù kẹfà ọdún kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ láti Tribune dé Ness City, ní ìwọ̀ oòrùn Kansas. Ó tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Bí ọjọ́ náà ṣe lọ nìyí.

Aago 4:30 ìdájí, Tribune
A ká àgọ́ wa, a sì rọ omi kún gbogbo ìgò. Afẹ́fẹ́ kò tíì jí. Torí rẹ̀ la ṣe tètè dìde.

Aago 6:00
Oòrùn ti yọ níwájú wa. Àlìkámà tó ti gbó ló wà lọ́tùn-ún lósì, bóyá ni igi kan wà níbẹ̀. Àká ọkà funfun kan yọrí lókèèrè, mo ní a ti dé ìlú. A gun kẹ̀kẹ́ títí, kò sún mọ́ wa.

Aago 7:45, Leoti
Aago ọwọ́ mi ní 6:45, ti ara ògiri ní 7:45. Aago ìlú méjèèjì kò dọ́gba: Leoti fi wákàtí kan ṣáájú Tribune. Wákàtí kan ti bọ́ lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ a ò sùn.

Aago 10:30, Scott City
Afẹ́fẹ́ ti jí. Láti gúúsù ló ti ń fẹ́, ó ń gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, àfi ká fi ara tì í bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Bí tírélà bá pàdé wa, kẹ̀kẹ́ á mì lọ́wọ́ wa. Mo sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá oko ọkà bàbà tí kò tíì ga dé orúnkún. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọkà yìí ti wá, Kansas ló sì ń gbìn ín jù ní Amẹ́ríkà. Mo fọwọ́ kan ewé rẹ̀ bí ẹni kí ará ilé.

Aago 1:45 ọ̀sán, Dighton
Ooru mú. A jẹun, a sinmi dé 4:30. Láti Tribune dé Ness City, ilẹ̀ fi ohun tó lé ní 400 mítà rẹlẹ̀, ojú kò kàn lè rí i ni. Èrè tí ilẹ̀ fún wa, afẹ́fẹ́ gbà á.

Aago 6:30 ìrọ̀lẹ́, Beeler
Pátákó ìrántí kan wà lẹ́bàá títì. Ní 1886, George Washington Carver, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, gba 160 éékà ilẹ̀ nítòsí ibí. Igi ṣọ̀wọ́n, torí náà ó fi erùpẹ̀ tí gbòǹgbò koríko dì mọ́ra kọ́lé. Òun náà ni ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀pà. A dákẹ́ síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó dá wa lágara láàárín ọjọ́ kan ni ó fara dà lórí oko.

Aago 8:15 alẹ́, Ness City
Ilé báńkì olókùúta alájà mẹ́rin tí wọ́n kọ́ parí ní 1890 ló kí wa káàbọ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ má gbójú lé títẹ́jú ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni òkè ibẹ̀. Ẹ dìde kó tó jí, ẹ gbé omi tó pọ̀, kí ẹ sì máa ka ìrìn yín láti ìlú dé ìlú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.