Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí: ìtàn ọgbẹ́ inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Wàsíù, ń wa dánfó láti Ìkòtún sí Ẹgbẹ́dá. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ni wọ́n bá ń ra oògùn ara ríro ní kẹ́mísì, èyí tí wọ́n máa ń dì pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní ìgbẹ́ àwọn dúdú bí ọ̀dà. Gbogbo wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. A ra agbo fún wọn.

2/ Ọjọ́ kejì, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀. Ọsibítù ní ọgbẹ́ ló wà nínú ikùn wọn, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ikùn wá máa ń dúdú kó tó jáde. Ti jẹ̀díjẹ̀dí, pupa ni. Páìntì mẹ́ta ni wọ́n fà sí wọn lára. Ọpẹ́ ni, wọ́n yè é. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ka ìtàn àìsàn yìí.

3/ Láyé ìgbà kan, ìrònú àti ata ni wọ́n gbà pé ó ń fa ulcer. Ní 1915, dókítà Bertram Sippy ní Chicago ní kí àwọn aláìsàn máa mu mílíìkì àti kírímù ní wákàtí-wákàtí. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá, ọ̀bẹ ló kù: wọ́n á la ikùn.

4/ Aspirin dé ọjà ní 1899. Ní 1918, Jacob Odulate ṣe Alábùkún ní Abẹ́òkúta. Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ní 1938, àwọn dókítà méjì ní London fi ẹ̀rọ wo inú ikùn, wọ́n rí i pé aspirin lè bó ara ikùn. Ní 1971, John Vane ṣàlàyé rẹ̀: oògùn yìí ń dí ohun tí ara fi ń dáàbò bo ikùn lọ́wọ́. Ibuprofen àti diclofenac náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "mo ti jẹun kí n tó lò ó" kò fi mú ewu náà kúrò pátápátá.

5/ Ní 1982, ní Perth, Australia, Robin Warren àti Barry Marshall rí kòkòrò kan nínú ikùn: Helicobacter pylori. Àwọn èèyàn ò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall gbé kòkòrò náà mu! Láàárín ọjọ́ mélòó kan, inú rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n gba Nobel ní 2005. Ohun tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé tẹ́lẹ̀ wá di oògùn ọ̀sẹ̀ méjì.

6/ Ṣé ikú wá tán? Rárá o. Nígbà tí wọ́n kà á ní apá kan England ní 1993, nínú 100 aláìsàn tí inú wọn ṣẹ̀jẹ̀, 14 ló kú. Wọ́n tún kà á káàkiri Britain ní 2007: 10. Ó dín kù, àmọ́ kò pọ̀ tó bí a ṣe rò. Ulcer ń dín kù, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ti dàgbà, àìsàn mìíràn ti wà lára wọn, oògùn ara ríro sì wà lápò wọn.

7/ Àwa ńkọ́? Ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 èèyàn ní Alímọ̀ṣọ́. Níbi tí èèyàn bá há mọ́ra, tí omi ò mọ́, kòkòrò yìí máa ń ràn láti kékeré. Kẹ́mísì sì wà ní gbogbo kọ̀nà. Níbòmíràn, kòkòrò ń lọ, oògùn ń rọ́pò rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú ikùn kan náà ni. Ẹ tún fi hepatitis B kún un: tó bá ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun lè bẹ́.

8/ Nítorí náà, tí màmá tàbí bàbá yín bá ní ìgbẹ́ àwọn dúdú bí ọ̀dà, tàbí wọ́n bì nǹkan tó dà bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Lóòótọ́, oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ náà lè sọ ìgbẹ́ di dúdú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ulcer, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ yín wò fún kòkòrò náà.

9/ Bàbá Wàsíù ti padà sórí títì. Tí wọ́n bá dé kẹ́mísì báyìí, kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní: "Mo ní ulcer o!" Agbo tí a rà lọ́jọ́ náà, èmi ni mo lọ rà á. Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyẹn.