Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Ìtàn Àwọn Tí Ń Tún Irin Iṣẹ́-abẹ Ṣe

Nínú Ìwé Samuẹli Kìíní, orí kẹtàlá, a rí i pé ìgbà kan wà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò ní alágbẹ̀dẹ ti ara wọn. Ẹni tí àáké tàbí ohun ìtúlẹ̀ rẹ̀ kò bá mú mọ́ ní láti tọ àwọn Filístínì, ọ̀tá rẹ̀, lọ kí ó tó lè rí i pọ́n. A kì í sábà wàásù lórí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá ni: ẹni tí kò lè pọ́n irin rẹ̀ ní ilé, irin náà kò tíì di tirẹ̀. Irin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni irin ọwọ́ oníṣègùn, èyíinì ni abẹ, àlùmọ́gàjí àti ẹ̀mú tí a fi ń ṣe iṣẹ́-abẹ. A ó sì wo ìtàn àwọn tí ń tún wọn ṣe.

Kí ilé ìwòsàn tó dé, iṣẹ́-abẹ ti wà ní ilẹ̀ wa. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ní àwọn ìlú etí omi níhà Abigi, olóòlà ni ó ń kọ ọmọ nílà. Abẹ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ àdúgbò ni ó rọ ọ́. Bí kò bá sì mú mọ́, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ náà ni ó ń gbé e padà sí. Ẹni tí ó rọ irin àti ẹni tí ó ń lò ó jọ ń gbé ìlú kan ni, wọ́n sì mọ ara wọn ní orúkọ.

Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1892 ni ogun Ìmàgbọn ṣí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sílẹ̀ fún àlejò. Ìjọ wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ sì tẹ̀lé e. Ní 1895 àwọn Fádà Ìjọ Àgùdà dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀, àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì náà ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Iléṣà. Ìbùkún ńlá ni, a sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni a ti kó àwọn irin wọn wá, alágbẹ̀dẹ ilé kò sì mọ̀ wọ́n.

Ìdí rẹ̀ ni pé irin náà ti yí padà ní Yúróòpù. Ní 1867 ni dókítà Joseph Lister tẹ ọ̀nà tí a fi lè dènà egbò kíkẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Nígbà tí ó ṣe, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ooru pa kòkòrò ara irin iṣẹ́-abẹ. Èkù igi àti ti eyín erin kò lè fara dà á, nítorí náà irin nìkan ni a ń lò láti ìdí dé orí. Ní ọdún 1867 kan náà ni Gottfried Jetter, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ọ̀bẹ rírọ, dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Tuttlingen ní Jámánì, ìlú náà sì di olókìkí nínú iṣẹ́ yìí. Ní 1913 Harry Brearley ti Sheffield ṣe irin tí kì í tètè dípẹtà.

Ó dàbí ẹni pé kò sí àyè fún alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Sialkot ní ilẹ̀ Punjab, èyí tí ó wà lábẹ́ Íńdíà nígbà náà, tí ó sì di ti Pakistan ní 1947. Àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ lókìkí nínú idà rírọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Punjab ní 1849, ọjà idà rẹ̀yìn. Ní 1855 àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Presbyterian láti Amẹ́ríkà dé, nígbà tí ó sì yá, míṣọ́nnì náà ní ilé ìwòsàn. Irin wọn a máa bàjẹ́, òkè òkun sì jìnnà. Nítorí náà wọ́n gbé wọn tọ àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú lọ fún àtúnṣe.

Àwọn wọ̀nyí wo bí a ti ṣe irin náà, wọ́n tún un ṣe, láìpẹ́ wọ́n sì rọ irú rẹ̀. Àwọn baba wa wí pé bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ní Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í rà lọ́wọ́ wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n rọ irin fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun, ìjọba sì dá ibi ìdánwò irin àti ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1942. Ní 1958 wọ́n kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́. Lónìí Sialkot wà lára àwọn ìlú tí ń ṣe irin iṣẹ́-abẹ púpọ̀ jùlọ lágbàáyé, ọ̀dọ̀ àtúnṣe ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ yìí rọrùn. Ojú méjèèjì àlùmọ́gàjí oníṣègùn tẹ̀ díẹ̀, kí wọn lè máa kan ara wọn láti ìdí títí dé ṣóńṣó bí a ti ń pa á dé. Bí a bá pọ́n ọn tẹ́jú, kò ní gé mọ́, ẹran ara ni yóò máa fà ya. Ẹ̀mú tí a fi ń di ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní eyín tí ń há mọ́ ara wọn. Bí eyín wọ̀nyí bá jẹ, ẹ̀mú lè ṣí lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde. Iná tí ó bá pọ̀ jù a sọ irin líle di rírọ̀, ihò tí ìpẹtà bá sì gbẹ́ a máa fi ẹ̀gbin pamọ́.

Sialkot fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ìtìjú. Ní 1994 ìjọba Amẹ́ríkà dí ọ̀nà mọ́ irin wọn, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe é kò bá ìlànà mu. Ẹgbẹ́ náà àti ìjọba wọn wá olùkọ́, wọ́n tún ọ̀nà wọn ṣe, ọjà sì ṣí padà. A kò sì gbọdọ̀ fi ibi tí ó burú nínú ìtàn náà pamọ́: ọ̀pọ̀ ọmọdé ni a rí tí wọ́n ń fa eruku irin símú nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ń ra púpọ̀ nínú irin wọn ní owó pọ́ọ́kú, tí wọ́n sì ń tà á ní orúkọ ara wọn.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú wa? Ní 1957 a ṣí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ní 1982 a dá yunifásítì ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, èyí tí a ń pè ní Olabisi Onabanjo láti 2001, tí ó sì ń kọ́ àwọn dókítà ní Ṣágámù. A ń kọ́ ọwọ́ tí yóò di irin mú. Ọwọ́ tí yóò tún irin náà ṣe ńkọ́? Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Dókítà pẹ̀lú kò lè fi ọwọ́ kan ṣe iṣẹ́-abẹ kí ó sì fi ọwọ́ kejì pọ́n abẹ.

A kò wí pé kí a kó irin ilé ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣáà ní ẹwìrì. Ohun tí a ń wí ni pé ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn tí ń pọ́n ayùn ní àwọn sọ́mìlì Ìjẹ̀bú-Igbó mọ̀ pé eyín kan ṣoṣo tí ó bá wọ́ lè ba odindi pákó jẹ́. Kí ẹ̀yin ọmọ ìjọ tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn bèèrè ohun tí ó wà nínú àpótí irin tí a ti pa tì. Kí a wá ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ti parí ilé-ẹ̀kọ́, kí a rán an lọ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí a sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un bí ó ti tọ́.

Ìyá tí ó wọ ọkọ̀ la ọ̀sà kọjá láti abúlé etí omi wá bímọ kò lè mọ ẹni tí ó pọ́n àlùmọ́gàjí tí a ó fi gé ìwọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ẹnìkan ti ṣe é. Ojúṣe wa ni kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má ṣe já sí asán.