Ìdílé Hinderer ní Kúdẹtì, Ìbàdàn, 1853 sí 1869

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ṣe fìdí múlẹ̀ ní Ìbàdàn, orúkọ David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ CMS rán wá, ni àwọn òpìtàn máa ń kọ́kọ́ dá. Lójú tiwa, agbo ilé rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe àga ìwàásù rẹ̀.

Ọdún 1853 ni òun àti Anna, aya rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá tẹ̀dó sí ìlú náà. Wọn kò bímọ, síbẹ̀ ọmọ kún ilé wọn ní Kúdẹtì. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wá kàwé ni Yéjídé àti Akínyẹlé, ọmọ Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́.

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà Èkó. Owó ẹyọ àti ẹrù kò wọlé mọ́. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là. Tọkọtaya yìí wá ń ta aṣọ àti ohun èlò ilé wọn kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ lè rí jẹ. Ẹni tí ó wá ṣe olùtọ́jú ìlú wá di ẹni tí ọjà ìlú ń tọ́jú!

Ní 1865, Gómìnà Glover rán ikọ̀ láti Èkó wá mú Anna jáde. Wọ́n tún padà wá, kí àìlera tó lé wọn lọ pátápátá ní 1869. Anna kú ní 1870. Daniel Olúbí, tí ó ti jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé wọn, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, kò sì sí òyìnbó ajíhìnrere tí ó ń gbé ìlú náà pẹ̀lú rẹ̀.